Aago tó ń wọn òkè: ibi tí iṣẹ́ dé

Oṣù Èrèlé

Iṣẹ́ tí mo gbé lé ara mi lọ́wọ́ lọ́dún yìí ni pé kí n ya gíga ilẹ̀ agbègbè wa ní Òṣogbo sórí ìwé, láti afárá Gbódófọ̀n títí dé Òkè-Baálẹ̀, lẹ́yìn náà kí n kọjá sí àwọn òkè Ìràgbìjí àti ìṣàn omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín. Fóònù lè sọ gíga ibi tí èèyàn wà, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò, nọ́ńbà wọn a sì máa lọ sókè sódò bí igi bá ti bo ojú ọ̀run, kódà bí èèyàn dúró sójú kan. Ohun tí mo ń wá ni aago ọwọ́ tó lágbára, tí òjò àti òógùn kò lè bà jẹ́, tó ní àlìtímítà tó ń sọ bí a ṣe ga tó, bàrómítà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá tó, àti kọ́ńpáàsì tó ń tọ́ka sí àríwá.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ tó tú owó sílẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ pé séńsọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ohun kékeré inú aago tó ń mọ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, ló ń ṣe iṣẹ́ àlìtímítà àti ti bàrómítà. Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó kù lórí wa ń dín kù, aago á wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ náà, á sì ṣírò rẹ̀ sí mítà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ èyí: ní 1648, Florin Périer gbé ọ̀pá mákúrì gun òkè Puy de Dôme ní ilẹ̀ Faransé, mákúrì náà sì ń lọ sílẹ̀ nínú ọ̀pá bó ṣe ń gòkè. Létí òkun, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ máa ń wà ní nǹkan bí hPa 1013 (hPa ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́). Àdúgbò tiwa ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 320, nítorí náà aago tí kò parọ́ yóò ka nǹkan bí 976 nínú ilé wa. Àwọn aago kan, bíi Suunto, máa ń yí i padà sí ti etí òkun kí wọ́n tó fi hàn. Casio máa ń fi èyí tó wà níbi tí ẹ dúró sí gan-an hàn, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn jù nítorí kò sí ìṣirò kankan tó fara pamọ́ sí i.

Oṣù Ẹrẹ́nà

Mo lọ sí ọjà Ìgbọ́nà àti Ọjà Ọba. Aago dúdú oní-rọ́bà tí wọ́n kọ oríṣiríṣi nǹkan sí ojú rẹ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mo yà sọ́dọ̀ Baba alágo kan tí àwọn ará ilé wa ti ń gbé aago fún láti ìgbà pípẹ́.

Mo kí wọn, mo ní, “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ ní èyí tó ń wọn òkè?”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ló pọ̀ ńbí. Bóyá ó ń wọ̀n ọ́n, n ò lè búra.”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì gbà. Mo ti mú náílọ̀n tó ní ṣíìpù lẹ́nu dání. Mo fi aago sínú rẹ̀, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún un dáadáa, mo pa ẹnu rẹ̀ dé, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ náílọ̀n náà díẹ̀díẹ̀. Bí séńsọ̀ bá wà nínú aago lóòótọ́, nọ́ńbà ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ á gòkè lójú ẹsẹ̀, gíga á sì lọ sílẹ̀ bí ẹni pé a sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Àwọn tó wà lórí tábìlì Baba kò mira. Ọ̀kan ń ka gíga kan náà bí mo tẹ̀ ẹ́ bí mi ò tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ ni. Baba wò ó tìyanu-tìyanu, wọ́n ní kí n fi náílọ̀n náà sílẹ̀ fún àwọn, àwọn á fi yẹ èyí tí wọ́n bá tún gbé wá kí àwọn tó rà á. Mo fi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ awọnlẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Ó yá mi ní méjì: Casio Rangeman GW-9400 àti Suunto Core. Ó ní kí n lò wọ́n títí tí ọkàn mi yóò fi balẹ̀, kí n tó ra tèmi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an.” Ó ní, “Lọ lò wọ́n, kí o sì kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀. Èmi náà máa kà á.”

Níparí Ẹrẹ́nà, lórí tábìlì

Ibí ni mo ti kọ́ ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Mo gbé Rangeman sórí tábìlì nínú yàrá, mi ò gbé e kúrò. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ mo to gíga rẹ̀ sí 320. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ó ń ka nǹkan bí 345. Tábìlì kò kúrò níbi tó wà. Ní alẹ́ ó tún padà sún mọ́ 320. Ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Aago náà kò ní àbùkù kankan. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ olóoru ní ìmísí tirẹ̀ lójoojúmọ́. Oòrùn tó ń mú ojú ọ̀run gbóná máa ń jẹ́ kí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ga lẹ́ẹ̀mejì, kó sì tún rẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sán àti òru kan: ó máa ń ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, ó máa ń rẹlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tàárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ lè tó hPa 3. hPa 1 sì jẹ́ nǹkan bí mítà 8 àbọ̀ lójú aago. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mítà 25 láìgbé ẹsẹ̀! Ní ilẹ̀ òtútù ìmísí yìí kéré, ìjì ńlá tó ń kọjá níbẹ̀ sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní tiwa níbí, ó hàn kedere débi pé Alexander von Humboldt, nígbà tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bó ṣe máa ń dé déédéé.

Nítorí náà, ẹni tó bá gun òkè láàárọ̀ tó sì dé orí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí òkè tó ga ju bó ṣe yẹ lọ lójú aago rẹ̀. Mo ti ń ya ìlà ìmísí yìí sórí ìwé, wákàtí kan sí wákàtí kejì, kí n lè máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo nọ́ńbà tí mo bá mú bọ̀ láti orí òkè.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà tí ìwé tó bá aago wá kì í tẹnu mọ́. Àwọn tó ṣe aago ṣírò mítà wọn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó tutù. Ní gíga tiwa yìí, ìṣirò wọn gbà pé ooru jẹ́ dígírì 13. Ta ló mọ dígírì 13 ní Òṣogbo? Ní dígírì 27, afẹ́fẹ́ fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà bí èèyàn bá gun mítà 100 gidi, aago á kà á sí nǹkan bí 95. Ọ̀kan ń fi kún un, èkejì ń yọ kúrò níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀ láti mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Oṣù Igbe

Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Suunto Core ní ìkìlọ̀ ìjì: bí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ bá fi hPa 4 lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta, yóò dún. Mo tàn án, mo sì ń dúró dè é. Òjò ńlá dé láti ìlà-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbé páànù kúrò lórí ilé. Aago kò dún. Nígbà tí mo wo ìlà rẹ̀, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ti ń rọra lọ sílẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ tútù tó ṣáájú òjò náà kọlù wá ló fò sókè lójijì. Bí ìjì tiwa ṣe rí nìyẹn: ó dá dúró, ó yára, afẹ́fẹ́ tútù tó ń já bọ́ láti inú ìkùukùu rẹ̀ sì wúwo. Ìkìlọ̀ yẹn wà fún ilẹ̀ tí ìjì ti máa ń rìn lọ́jọ́ méjì mẹ́ta kó tó dé, bíi Fínláńdì tí Suunto ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1936. Níbí, ẹ wo bí ìlà-oòrùn bá ṣú dẹ̀dẹ̀. Ojú yín á tètè rí i ju séńsọ̀ lọ.

Nítorí náà mo ti pinnu pé mi ò ní san owó kún owó nítorí àwòrán oòrùn àti ìkùukùu tí àwọn kan ń gbé sójú aago. Ohun tí mo fẹ́ lára bàrómítà ni pé kó máa kọ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí n lè rí ìlà ọjọ́ náà nígbà tí mo bá délé.

Kọ́ńpáàsì ńkọ́? Ó ṣe iyebíye fún wa ju bí mo ṣe rò lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù yìí, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró sí àtàrí gan-an ní Òṣogbo lọ́sàn-án. Òjìji kò ní apá kankan tó fi ń lọ, nínú igbó sì rèé, kò sí ẹni tó lè fi í mọ̀nà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àríwá gidi àti àríwá tí mágnẹ́ẹ̀tì ń tọ́ka sí kéré níbí, kò tó dígírì 3, nítorí náà kò sí àtúntò ńlá kan láti ṣe. Kọ́ńpáàsì oní-abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù a máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbí, torí wọ́n fi ìwúwo sí ìdí gúúsù rẹ̀ láti fi mú un dọ́gba lọ́hùn-ún. Séńsọ̀ inú aago kò ní abẹ́rẹ́ tí yóò fì.

Ohun tó ń dà á láàmú ni irin. Mo gbé Rangeman sún mọ́ táǹkì ọ̀kadà kan ní Ọláìyá, àríwá rẹ̀ yí kúrò lójú mi. Mo sún sẹ́yìn, ó padà. Lẹ́bàá ojú irin ní Téṣàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ tún un tò, ẹ jáde lọ sí gbangba, kí fóònù má sí lápò.

Oṣù Ẹ̀bìbí: èwo ni kí n rà?

Rangeman lágbára, omi mítà 200 kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ó sì ń ka gíga ní mítà kọ̀ọ̀kan: mo gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbọ́n mi, ó ka 3 fún mi. Ṣùgbọ́n ó nípọn ju mílímítà 18 lọ, apá bùbá kì í bò ó. Rédíò tó fi ń gba àkókò láti Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Japan àti Ṣáínà kò wúlò ní Òṣogbo, torí ọ̀kankan nínú àwọn ilé rédíò wọ̀nyẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ló dé tí màá fi san owó rẹ̀?

Suunto Core fúyẹ́, ojú rẹ̀ rọrùn láti kà, bátìrì rẹ̀ CR2032 sì ni gbogbo alágo ń tà, owó ẹyọ (kọ́ìnì) lásán ni a fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Mítà 30 ni agbára omi rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí láti gbé e wọ abẹ́ ìṣàn omi. Garmin Instinct ní sátẹ́láìtì tó lè fi tún gíga rẹ̀ tò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, àmọ́ gbogbo ìgbà ni yóò máa béèrè iná, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Casio Pro Trek PRG-300 ni mo mú. Àlòkù ni, ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi rí ẹni tó ń tà á. Sólà ló ń lò, kò ní rédíò, ó ń ka gíga ní mítà kọ̀ọ̀kan, agbára omi rẹ̀ jẹ́ mítà 100, ó sì ń kọ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì, tó fi jẹ́ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bọ́ sínú ìlà rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo kọ́kọ́ fi náílọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò níwájú ẹni tó tà á, ó sì yege. Lọ́jọ́ tí mo bá wọ agbádá, mo máa ń bọ́ ọ sí ojú fèrèsé, nítorí apá agbádá kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ooru ojú ọjọ́ tó ń kà lọ́wọ́, ooru ara ni. Èèyàn gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kalẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kó tó lè gbà á gbọ́.

Òkè-Baálẹ̀ ti wà lórí ìwé báyìí, láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orí, pẹ̀lú ìmísí ọjọ́ tí mo ti yọ kúrò. Àpáta Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ń yọ̀ lásìkò òjò, nítorí náà ó di ìgbà ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò fi bíkìn àwọn awọnlẹ̀ kan, ìyẹn òpó àmì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, hàn mí lójú ọ̀nà Ìkìrun, tí gíga rẹ̀ wà nínú ìwé wọn. Ibẹ̀ ni màá ti to aago kí n tó kọjá sí Ìràgbìjí, láàárọ̀ kùtùkùtù.