Ìlú Tí Kò Ní Èèyàn, Tó Ní Aṣòfin Méjì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì ló kó sí mi lórí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ wo Old Sarum, ahoro orí òkè tó ń rán aṣòfin méjì lọ sí London nígbà kan." Mo ní irọ́ ni. Nígbà tó di Sátidé, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo ní London, ó di ìlú Salisbury.

Èmi ni mo ní ká má wọ bọ́ọ̀sì. Nǹkan bíi máìlì méjì péré ni Old Sarum sí ìlú, kí ni ká máa náwó sí? Bàtà ẹsẹ̀ mi kì í ṣe bàtà ẹrẹ̀, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Ká tó dé ìdí òkè náà, ìbọ̀sẹ̀ mi ti mu omi yó. Ọmọ yìí ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ẹsẹ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Yàrà ibẹ̀ bà mí lẹ́rù. Àwọn ará àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ yí òkè náà ká kí àwọn ará Róòmù tó dé, William Aṣẹ́gun, tó jẹ́ ọba England, sì wá kọ́ ilé olódi sí àárín rẹ̀ lẹ́yìn 1066. Mo fọwọ́ kan ara ògiri tó kù. Òkúta kan ti là níbẹ̀: inú rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ìgò, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí ẹfun.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1092 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí ìjì fi bà á jẹ́. Omi ò tó, àwọn àlùfáà àti àwọn ọmọ ogun ò gbọ́ra wọn yé. Ní 1220 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tuntun sí ìsàlẹ̀, níbi tí Salisbury wà lónìí, àwọn ará ìlú sì ń kó tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ilé lọ, èèyàn lọ, ìbò ò lọ.

Ìdí ni pé ilẹ̀ ló ni ìbò. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ti ra aṣòfin méjì mọ́ ọn, yóò kàn fi ìwé ilẹ̀ lé àwọn èèyàn tirẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n fi dìbò. Thomas Pitt, ẹni tó ṣe gómìnà Madras ní Íńdíà, rà á. Ibẹ̀ ni ọmọ ọmọ rẹ̀, William Pitt, gbà wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1735, kó tó di olórí ìjọba. Òun kan náà ló padà sọ pé irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ti jẹrà lára òfin ilẹ̀ wọn. Ṣé ẹnu tó fi jẹun níbẹ̀ náà kọ́ nìyẹn?

Ìtàn Lord Camelford ló mú mi dúró. Òun náà jẹ́ ara ìdílé Pitt. Ní 1801 ó fi John Horne Tooke, tó jẹ́ àlùfáà, sí ipò aṣòfin, àwọn kan sì kọ̀. Wọ́n ní Camelford fèsì pé bí wọn ò bá gba aláṣọ dúdú, ìyẹn àlùfáà, òun á rán ìránṣẹ́ òun tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú wá. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí mi. Ó fi wá ṣe àwàdà! Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìránṣẹ́ yẹn.

"Àǹtí, wọ́n ti yìnbọn pa Camelford láti 1804."

"Ó tọ́ sí i."

Ní 1802, wọ́n ta ibẹ̀ fún Lord Caledon. Iye tí wọ́n ń sọ ni 60,000 pọ́n-ùn, fún òkè tí koríko bò! Gbogbo ìgbà yẹn, Manchester tó jẹ́ ìlú ńlá ò ní aṣòfin kankan. Ní 1831, olùdìbò mọ́kànlá ni Old Sarum ní, kò sì sí ọ̀kan tó ń gbé ibẹ̀. Òfin àtúnṣe ìdìbò ti 1832 ló wá fòpin sí i.

Mo ti wá igi ìdìbò káàkiri orí òkè kí ọmọ yìí tó sọ pé ìsàlẹ̀ ló wà, nínú pápá. Abẹ́ igi elm kan ni wọ́n ti ń yan àwọn aṣòfin náà. Igi ti kú, àgùntàn ló kù tó ń jẹ koríko.

Ọmọ yìí kà wọ́n, ó ní mọ́kànlá ni. Mo tún wọn kà: mẹ́tàlá.

Ó ní, "Méjì yẹn, aṣòfin ni wọ́n."

Bọ́ọ̀sì la wọ̀ padà.