Ògiri Tó Tú Àṣírí Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ní Ṣómólú tí mo ti ń tẹ̀wé, "ó kù díẹ̀" lọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu wa. Èmi náà sọ ọ́ títí ojú fi ń tì mí. Ìwé ètò ìsìnkú kan lo ọjọ́ 14 lọ́dọ̀ wa, àlejò sì ti ń jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì kí a tó gbé e dé. Mo gbaná jẹ mọ́ ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, àná ni wọ́n gbé e fún mi."

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló mú Kanban wá, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi káàdì hàn ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé. Ó ní Taiichi Ohno ti ilé iṣẹ́ Toyota ní Japan ló gbé e kalẹ̀. Mo ní ti mọ́tò nìyẹn, ìwé ńkọ́? Kò dá mi lóhùn. Ó fi téèpù pín ògiri sí mẹ́fà: ó dé, kọ̀ǹpútà, oníbàárà ń wò ó, ẹ̀rọ, gígé àti dídì, ó tán. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, a sì ń kọ ọjọ́ tó wọ ibì kọ̀ọ̀kan sí i.

Lẹ́yìn oṣù kan, a ka káàdì. Iṣẹ́ 26 wà nílẹ̀, méjì là ń parí lóòjọ́. Ẹ pín in: ọjọ́ 13. Èmi tí mò ń ṣèlérí ọjọ́ 5 fún gbogbo ayé! Àbúrò mi ní Òfin Little ni wọ́n ń pe ìṣirò yẹn, pé John Little ló fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní 1961. Ẹ̀rí tèmi wà lára ògiri.

Ẹ̀rọ tí mo ń bú kì í lò ju ọjọ́ kan lọ. Ọ̀dọ̀ oníbàárà ni káàdì iṣẹ́ ìsìnkú máa ń sùn sí, ọjọ́ 7, ọjọ́ 9. Ẹ mọ bí ìdílé wa ṣe rí. Àkọ́bí á ní ó dáa, àbúrò rẹ̀ obìnrin á pè láti London pé fọ́tò tí Màmá ò wé gèlè kọ́ ló yẹ ká lò.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rísíìtì la ń kọ iṣẹ́ sí. A wá ṣe fọ́ọ̀mù: iye ẹ̀dà, ìwọ̀n, irú bébà, ọjọ́ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ. Ìbéèrè ìkẹyìn ló ń dá wọn dúró: ta ni ẹni kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á jẹ́ abẹ gé? Ìdílé kan jiyàn lórí ẹ̀ níwájú mi fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo ra mínírà fún wọn. Ó sàn kí wọ́n jà á tán níbẹ̀ ju kí a ti ṣe pléètì tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé tán lọ.

A ò sì gbà kí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ju 12 lọ mọ́. Àwọn kan bínú lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kọ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ sórí bébà kan. Ọjọ́ 6 ni iṣẹ́ ń gbà báyìí. Gígé ló wá ń kó káàdì jọ: márùn-ún wà níbẹ̀, abẹ ẹ̀rọ náà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pọ́n ọn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.