Òjìji tí Kò Bá Ẹ̀yìn Àwòrán Tan: Bí A Ṣe Ń To Méjèèjì nínú Blender

Tí àga tẹ́ ẹ ṣe nínú Blender (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D) bá dà bíi pé ó léfòó, tó sì jẹ́ pé ó dúró digbí lórí ilẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é, ẹ má tíì dá àga lẹ́bi. Òjìji rẹ̀ tí kò bá ẹ̀yìn àwòrán tan ló sábà máa ń fà á. Ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò tẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀yìn ń bọ̀ láti òsì, ti àga ń bọ̀ láti ọ̀tún, ojú ẹni tó ń wò ó á sì ti fura kó tó mọ ohun tó ń fura sí. Ẹni tó bá to ẹ̀yìn lónìí, tó ní òun á wá òjìji lọ́la, ti pín iṣẹ́ kan ṣoṣo sí méjì.

Ẹ̀yìn tí kò ní nǹkan kan lára, irú èyí tí wọ́n fi ń ya ọjà, ló rọrùn jù. Síbẹ̀ wọ́n máa ń bà á jẹ́: wọ́n á tẹ́ plane (pátákó pẹrẹsẹ) kan sílẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé á yọ gbangba, kódà kí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, torí pé ìmọ́lẹ̀ kì í bọ́ sórí ilẹ̀ bó ṣe ń bọ́ sára ògiri. Plane kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fẹ̀ ẹ́ títí tí kámẹ́rà kò fi ní rí etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+A, kẹ́ ẹ yan Scale. Ẹ wọ Edit Mode (ibi tí a ti ń tún ara nǹkan ṣe), ẹ mú etí tó wà lẹ́yìn, ẹ tẹ E, ẹ tẹ Z, ẹ fà á sókè. Ẹ wá mú ibi tó ti ṣẹ́, ẹ tẹ Ctrl+B, ẹ fà á kó fẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí kẹ̀kẹ́ orí mouse títí segment (ìdá tó para pọ̀ di ibi tó tẹ̀) á fi tó 12 sí 16. Shade Smooth, tó ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ dán, ló kù. Ẹni tó bá fo Ctrl+A yẹn lè rí i pé kọ̀rọ̀ náà wọ́, kò rí roboto, ó fẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ.

Tí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ yà bá ga tó mítà 1, kọ̀rọ̀ tó tẹ̀ tó mítà 1 kò pọ̀ jù. Ẹ tún jẹ́ kí ògiri jìnnà sí i tó ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, kí òjìji má bàa gun ògiri.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí òjìji fúnra rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí etí òjìji mú tàbí kó rọ̀ ni bí ojú iná ṣe tóbi tó, tí a bá fi wé bó ṣe jìnnà tó. Agbára iná kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń dín Power kù kí òjìji lè rọ̀ kàn ń sọ gbogbo àwòrán di bàìbàì ni. Radius lẹ máa yí tó bá jẹ́ iná Point (tó ń tàn láti ojú kan), Size tó bá jẹ́ Area (iná pẹrẹsẹ), Angle tó bá jẹ́ Sun (iná bí oòrùn). Angle tí Blender fún Sun láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ dígírì 0.526, bí oòrùn gan-an ṣe fẹ̀ tó lójú wa nìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, fún mítà kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín nǹkan àti ibi tí òjìji rẹ̀ bọ́ sí, etí òjìji á rọ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 9. Ẹ wo òpó tó ga ní mítà 3, tí oòrùn wà ní dígírì 45: láti orí òpó dé ibi tí òjìji orí rẹ̀ bọ́ sí jẹ́ nǹkan bíi mítà 4.2, nítorí náà etí òjìji níbẹ̀ á rọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Nídìí òpó, á mú bí abẹ. Òjìji tó rọ̀ bákan náà látìdí dé orí, irọ́ ni.

Sun kì í bìkítà bóyá àga yín ga ní mítà 1 tàbí mítà 10, torí Angle ló ń lò. Point àti Area ò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe àga ní ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n tó yẹ, tẹ́ ẹ sì gbé Area sẹ́yìn ní ìlọ́po mẹ́wàá kó lè bá a mu, ìmọ́lẹ̀ tó máa kàn án á di ìdá kan nínú 100, òjìji á sì le, torí iná náà ti di kékeré lójú àga. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n ní “iná mi ò ṣiṣẹ́”, ìwọ̀n ló bà jẹ́.

Tó bá jẹ́ HDRI (fọ́tò tó yí gbogbo àyíká ká, tó sì pa agbára ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mọ́) lẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀yìn, World Properties ni kẹ́ ẹ lọ, ní Color kẹ́ ẹ yan Environment Texture. Fáìlì .hdr tàbí .exr ni kó jẹ́. JPG kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: nínú rẹ̀, funfun oòrùn àti funfun ìkùukùu dúró sí 255 kan náà, bẹ́ẹ̀ oòrùn gidi mọ́lẹ̀ ju ìkùukùu lọ fíìfíì. Òjìji tó máa ti inú rẹ̀ jáde á rí bí ìdọ̀tí tí wọ́n nù tí kò tán. Kẹ́ ẹ tó lè yí oòrùn inú HDRI sí ibi tó wù yín, ẹ tan add-on (àfikún ètò) Node Wrangler, ẹ mú node (àpótí ìtọ́ni) àwòrán náà, ẹ tẹ Ctrl+T, kẹ́ ẹ wá yí Rotation Z nínú Mapping.

Àmọ́ HDRI tó dáa fún ìmọ́lẹ̀ lè má dáa fún wíwò. Fáìlì 8K ní pixel 8192 yíká gbogbo dígírì 360. Lẹ́ǹsì 50 mm lórí sensor 36 mm kò rí ju nǹkan bíi dígírì 40 lọ, èyí tó jẹ́ bíi pixel 900. Ẹ wá fà á kó kún àwòrán tó fẹ̀ ní pixel 1920, ó di dandan kó má já gaara. Fún ìmọ́lẹ̀ nìkan, 2K ti tó. Kí HDRI lè tan ìmọ́lẹ̀ láìhàn lẹ́yìn, ẹ to Background méjì sínú Mix Shader: HDRI sí ihò òkè, àwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kí kámẹ́rà rí sí ihò ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ so Is Camera Ray láti inú Light Path (òun ló ń ya ohun tí kámẹ́rà rí sọ́tọ̀) mọ́ Fac. Tẹ́ ẹ bá gbé wọn sí òdì, àwọ̀ lásán ló máa tan ìmọ́lẹ̀ sí àga, HDRI tí kò já gaara ló sì máa hàn lẹ́yìn.

Fífi fọ́tò ṣe ẹ̀yìn ló le jù. Ẹ wá nǹkan kan tó dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, tí òjìji rẹ̀ na gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má wo èyí tó ń bọ̀ wá bá kámẹ́rà, torí á dà bíi pé ó kúrú. Tí òjìji bá gùn tó nǹkan náà, oòrùn wà ní dígírì 45. Tó bá jẹ́ ìlọ́po méjì, ó wà ní bíi 27. Tó bá jẹ́ ìdajì, bíi 63. Sun tí a kò tíì yí ń wo ilẹ̀ tààrà, nítorí náà ẹ yọ iye yẹn kúrò nínú 90, kẹ́ ẹ fi ìyókù sí Rotation X, kẹ́ ẹ wá fi Z wá apá tó ti ń bọ̀. Strength 3 sí 5 dáa láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi World sílẹ̀ ní dúdú: níta gbangba, sánmà ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji, òjìji kì í dúdú kirikiri. Ẹ fún World ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ máa gbé Strength rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí òjìji yín á fi bá ti inú fọ́tò mu.

Ilẹ̀ tó máa gba òjìji ńkọ́? Ẹ tẹ́ plane kan sábẹ́ àga, ẹ lọ sí Object Properties, ní Visibility kẹ́ ẹ mú Shadow Catcher, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú Transparent ní Film, kí ẹ̀yìn lè ṣófo. Nínú ẹ̀rọ méjì tí Blender fi ń ya àwòrán jáde, Cycles àti EEVEE, Cycles ló ń ṣe èyí. Ẹni tó bá wà nínú EEVEE kò ní rí i lò. PNG tó jẹ́ RGBA (tó ń pa ibi tó ṣófo mọ́) lẹ máa fi pamọ́, torí JPEG á da gbogbo ibi tó ṣófo nù.

Tí fọ́tò bá ṣì bàìbàì lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi Alpha Over so ó mọ́ àga nínú Compositor (ibi tí Blender ti ń pa àwòrán pọ̀), View Transform, ètò tó ń yí àwọ̀ àwòrán padà kó tó hàn, ló fà á. Láti Blender 4.0, AgX ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Filmic ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń fi ọwọ́ kan fọ́tò tó ti parí iṣẹ́ nínú kámẹ́rà. Ẹ yí i sí Standard, tàbí kẹ́ ẹ mú PNG lọ so mọ́ fọ́tò níbòmíì. Èyí kejì yá mi lára jù, torí AgX ṣì ń bá àga ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Tí àga bá ṣì léfòó lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tẹ Numpad 1, ẹ sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Àlàfo mìlímítà 2 ti tó láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rì í wọnú ilẹ̀ ní mìlímítà 1. Tó bá sì jẹ́ pé ara nǹkan roboto ló ní òjìji tó gé bí àtẹ̀gùn, níbi tí mímọ́lẹ̀ ti ń di òkùnkùn, polygon rẹ̀ (àwọn ojú pẹrẹsẹ tó para pọ̀ di ara rẹ̀) ni kò pọ̀ tó. Ẹ fi Subdivision Surface sí i. Shadow Terminator tó wà ní Shading nínú Object Properties lè bo díẹ̀ lára rẹ̀, àmọ́ ẹ má gbé e sókè jù, torí òjìji á bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò níbi tó yẹ kó wà.