Ráàmù Jàmáíkà kan, nílé wa ní Kàbà

Kí n tó bu ọtí náà sínú ife ni òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún dá ẹmu kí orúnkún tó dá a dúró, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì béèrè pé, "Ọmọ mi, ta ni ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó pamọ́ títí ó fi ń jẹrà?" Mo dáhùn pé, "Bàbá, igò yìí ni ẹ ń gbóòórùn." Ráàmù Hampden ni, ó ti lo ọdún 10 nínú àgbá igi, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 60 nínú 100.

Láti ọdún 1753 ni ilé ìpọntí Hampden ti wà ní Trelawny, ní apá àríwá Jàmáíkà. Omi dúdú kíki tí ó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà lára omi ìrèké ni wọ́n fi ń pọn ọtí náà. Wọn kì í ra ìwúkàrà sí i. Èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ilé ìpọntí ni wọ́n ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún, wọ́n á sì jẹ́ kí ó máa hó fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ọjọ́ kan tàbí méjì tó fún àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n tún ń da omi kíkan tí ó ṣẹ́kù nídìí ìkòkò lẹ́yìn ìsè ìṣáájú, tí wọ́n ń pè ní dunder, sí i. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń mú kí ó kan, nígbà tí kíkan náà bá sì pàdé ọtí, ẹ́sítà ni ó ń jáde, òun gan-an ni ó ń ta sánsán bí èso. Ẹni tí ó bá ti kọjá níbi tí wọ́n ti bo irú mọ́lẹ̀ sínú ewé yóò mọ̀ pé kò sí ohun àjèjì níbẹ̀.

Lẹ́tà HLCF ni a kọ sára igò mi, ìyẹn ni pé ẹ́sítà rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 500 sí 700 nínú 100 lítà ọtí pọ́ńbélé. Èyí tí ó le jù, tí wọ́n ń pè ní DOK, ń tó 1500 sí 1600, òfin Jàmáíkà kò sì gbà kí ó kọjá 1600. Lójú tèmi, DOK kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń mu lásán. Inú àkàrà òyìnbó àti súìtì ni ó yẹ ẹ́.

Mo fi ṣíbí omi kan sí i, mo sì ní sùúrù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí èèpo rẹ̀ ti dúdú ni ó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà gọ́ọ̀mù tí àwọn vọkanáísà fi ń lẹ táyà, èyí tí ó lè lé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n sá, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó fi yọ kúrò, tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó sì jókòó sí ipò rẹ̀. Lẹ́nu, ó gbóná, ó ní iyọ̀ díẹ̀, kànáfùrù sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà tí iná ti jó. Igi àgbá náà hàn nígbà tí mo gbé e mì, ó gbẹ ahọ́n mi bí orógbó ti máa ń ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

Bàbá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ó sì wí pé, "Ẹni tó ṣe èyí kò kánjú." Ó ní kí n má fi omi kún tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ife rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì láìfọ̀. Mo gbé e sí imú, òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ṣì wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú èéfín díẹ̀.