Íńkì tó gbẹ lójú, tí kò jinná nínú

Lánàá, ìyá kan gbé ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti ń tẹ lẹ́tà sára aṣọ, ní ọ̀nà LAUTECH, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn fọ̀ ọ́, lẹ́tà àyà rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo. Ojú tì mí gan-an. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà."

Mo mú ọ̀kan tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fà á. Íńkì là yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Plastisol ni, irú íńkì kan tí a fi ń tẹ lẹ́tà sára aṣọ. Afẹ́fẹ́ kì í mú un gbẹ. Ooru ló ń mú un jinná, nǹkan bí 160°C, ooru náà sì gbọ́dọ̀ wọlé dé ìdí íńkì níbi tó ti kan aṣọ. Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, iná ń lọ ó ń bọ̀, heat press, ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ aṣọ, ò gbóná tó. Mo kàn fọwọ́ kan ojú rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo bá ká a sínú láílọ́ọ̀nù.

Mo tẹ mẹ́ta tuntun fún wọn lálẹ́ àná, mo dúró kí ẹ̀rọ gbóná dáadáa. Mo fà á: íńkì bá aṣọ nà, ó sì padà sípò. Mo tún fọ ọ̀kan láàárọ̀ yìí. Ó wà lórí okùn báyìí, lẹ́tà rẹ̀ pé.