Ìwé gbèsè mi di bọ́ọ̀dù

Táyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ń múra WAEC sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń dà á láàmú. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ọ o. Tí ẹ bá gbọ́ ọ níbi tó ti ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù Arsenal, ẹ ó rò pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Question tag ni kò yé e, ìrù tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ìdí gbólóhùn. You are coming, aren't you? You are not coming, are you? Bẹ́ẹ̀ ni lókè, bẹ́ẹ̀ kọ́ nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lókè, bẹ́ẹ̀ ni nísàlẹ̀.

Mo ní kó máa wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí, kó máa so ìrù mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ó kọ́kọ́ dáa. Ọmọ FUTA kan wá ra Indomie, ó ní, "It is hot today." Táyọ̀ ní, "Isn't it?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ra bisikíìtì kún un. Inú mi dùn, mo lọ gbé ẹ̀wà kaná lẹ́yìnkùlé.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mo rí agboòrùn Bàbá lánlọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ́ sẹ́yìn fíríísà. Hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, tí inú bá sì ń bí wọn, Yorùbá kì í tó wọn sọ.

"Your aunty owes me rent!"

"Doesn't she?" ni Táyọ̀ wí.

"She is not a serious person."

"Is she?"

Mo ń ṣẹ́wọ́ sí i, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Lójú tiẹ̀, máàkì ló ń gbà.

Bàbá na agboòrùn sí i. "I am the landlord here!"

Ọmọ ronú títí. "Amn't I?"

Ha! Bàbá gbàgbé owó. Wọ́n fìdí lé kíréètì mínírà. "Amn't I bí ti báwo? Aren't I ni!" Táyọ̀ ní a kì í kúkú sọ pé I are, sà. Bàbá ní bí àwọn tó ni èdè ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé kó ní am I not. Ìyá aláta sọdá wá wòran. Ọlọ́kadà kan páàkì, ó ní ain't I ni wọ́n kọ́ òun, agboòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á lórí.

Bàbá ní kí Táyọ̀ mú ìwé wá kí àwọn kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ìwé gbèsè mi lọmọ fà lé wọn lọ́wọ́. Ojú ewé tí wọ́n ṣí, orúkọ ìyàwó wọn ló wà lókè rẹ̀: gáàrì, epo, Milo, gáàrì, ṣúgà, gáàrì.

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà.

"She has not paid," ni wọ́n rọra wí.

"Has she?"

Wọ́n pa ìwé dé. "Let us leave this matter till month end."

"Shall we?" Ọmọ yìí gbà á o! Bàbá ò yìn ín.

Wọ́n ń dìde lọ ni wọ́n fa imú. "Something is burning."

Táyọ̀, ìyá aláta àti ọlọ́kadà jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Isn't it?"

Ẹ̀wà mi ni.