Ẹ Kọ́kọ́ Lọ Rí Ìyá Ìjọ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Ní Ṣọ́ọ̀ṣì Kan N'Íbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì n'Íbàdàn níbí, tẹ́ ẹ̀ ń bẹ àwọn ìjọ pé kí wọ́n jáde lọ wo àwọn ará àdúgbò wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí gan-an, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. A kì í gba ọrẹ, a kì í ní kẹ́nikẹ́ni fi ìjọ ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tá à ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju pé kí ìjọ mọ opó tó wà lójúlé kejì sí wọn, kí wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé torí owó, kí wọ́n dé ọsibítù, kí wọ́n dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Àdúgbò kan á ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta mẹ́rin tí sípíkà wọn ń bo ara wọn mọ́lẹ̀, ebi á sì máa pa ẹni tó ń gbé láàrin wọn.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń wí wà lápá Òkè-Àdó, mi ò ní dárúkọ wọn. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé a ò ṣe bó ṣe yẹ o, a kọ lẹ́tà, a pè, pásítọ̀ fúnra wọn ló ní ká wá, pé àwọn á fún wa láàyè díẹ̀ lẹ́yìn ìkéde. A dé kí Sunday School tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ká jókòó sẹ́yìn, a jókòó. Wọ́n kọrin, wọ́n gba ọrẹ, wọ́n gba ìdámẹ́wàá, wọ́n gba owó ilé tí wọ́n ń kọ́, wọ́n ṣe ìkéde. Mo ti mú Bíbélì mi dání, mo ti ń tún gèlè ṣe, torí mo rò pé àwa ló kàn. Àfi bí pásítọ̀ ṣe gba máìkì tí wọ́n ní kí ìjọ ṣọ́ra, pé àwọn kan ń lọ káàkiri ìgboro báyìí, wọ́n á ní iṣẹ́ àánú làwọn ń ṣe, ọmọ ìjọ ni wọ́n ń wá kó lọ, àti owó.

Wọn ò dárúkọ wa. Ṣùgbọ́n àwa nìkan ni àlejò níbẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sẹ́yìn. Ọmọdé kan tó wà níwájú wa gan-an dojú kọ wá, ìyá ẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó ní kó sún mọ́ òun. Ibẹ̀ ló ti ká mi lára jù. Màmá tá a jọ lọ, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sunday School kí wọ́n tó bí pásítọ̀ ọ̀hún, fi etí ìborùn nu ojú, wọn ò sọ̀rọ̀. A ò lè dìde, torí tá a bá dìde, wọ́n á ní òótọ́ ni. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Mi ò bú pásítọ̀ o, mo mọ̀ pé ẹlẹ́tàn wà nígboro. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ká wá!

Bá a ṣe ń jáde, ìyá ìjọ wọn sáré bá wa ní gétì: "Ẹ má bínú, ọmọ mi, kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ sọ?" Mo sọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí wọ́n ti kó àwọn obìnrin ìjọ jọ, wọ́n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ fún àwọn tó ń sùn sí kọ́rídọ̀ ọsibítù torí aláìsàn wọn, pásítọ̀ sì ti fọwọ́ sí i.

Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn pé ìyá ìjọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ rí. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ yòówù kó jẹ́, Good Women ti C.A.C. ni o, W.M.U. ti Onítẹ̀bọmi ni o, Mothers' Union ti Áńgílíkà ni o, àwọn ni wọ́n mọ ẹni tí ò tíì jẹun, torí wọ́n jọ ń ná Ọjà Ọba ni, wọ́n jọ ń pọnmi ni. Pásítọ̀ lè ti ibòmíì wá, wọ́n sì lè gbé wọn lọ sí ibòmíì lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá ìjọ ò lọ síbì kankan.

Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi yín sẹ́yìn ìkéde. Lẹ́yìn owó ilé àti ìdámẹ́wàá, ẹnikẹ́ni tó bá dìde, owó ni wọ́n á rò pé ó fẹ́ gbà. Tó bá sì jẹ́ pé ìyá ìjọ ti mọ̀ yín ni, àwọn gan-an á dìde sọ ọ́ fún yín.

Àwọn kan á ní ìwàásù nìkan ni iṣẹ́ ìjọ. Ẹ rán wọn létí Kúdẹtì n'Íbàdàn níbí. Nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó ẹ̀ wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1853, Anna kó ọmọ ọlọ́mọ sílé, ó ń bọ́ wọn, ó ń kọ́ wọn níwèé. Nígbà ogun Ìjàyè tí ọ̀nà dí, ẹrù ilé ni wọ́n ń tà kí àwọn ọmọ yẹn lè jẹun. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 fún wọn náà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn opó ni wọ́n torí ẹ̀ yan èèyàn méje.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má lọ lásìkò ìkórè, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ yín. Ẹ lọ láàrin ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ táwọn ìyá ń ṣèpàdé tàbí tí wọ́n wá gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá wọn gbálẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé ilé wo nítòsí ni wọn ò tíì dáná lónìí.